Ẹ Dá Wákàtí Ẹ̀kọ́ Padà fún Àwọn Ọmọ: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ìpínlẹ̀ Wa

Sí Alága Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìpínlẹ̀ wa, àti Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ara yín á le o.

Sákúlà tí ọ́fíìsì yín fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ ní kí olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan fi fóònù ara rẹ̀ ya fọ́tò gbogbo ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó gba NIN ọmọ àti ti òbí, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì ilé, nọ́ńbà fóònù, kí ó sì kó gbogbo rẹ̀ sórí ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì tuntun tí ẹ ṣí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ẹ fún wa. Ìlà tó kẹ́yìn sọ pé olùkọ́ tí kò bá parí tirẹ̀ yóò gba kúèrì. Mo ka ìwé náà lákàtúnkà, n kò rí ibi tí ẹ ti sọ ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí a bá ń ṣe gbogbo èyí.

Kíláàsì kẹrin ni mo ń kọ́. N kò dárúkọ ilé-ìwé mi nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé-ìwé kan ṣoṣo. Èyí tí ẹ bá yà sí lójú ọ̀nà, ẹ ó bá a níbẹ̀. Gbangba ni mo sì ti ń sọ ọ́, kí àwọn òbí lè mọ ibi tí wákàtí tí wọ́n rò pé ọmọ wọn fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ. Tí ọmọ bá dé kíláàsì kẹfà tí kò lè ka ìwé ìròyìn, tíṣà ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu tíṣà náà.

Àkókò tí ẹ ń fi sákúlà gbà kì í ṣe tiwa. Àwọn ọmọ ló ni ín. Owó oṣù tiwa ń wọlé, yálà ìṣirò ni a kọ́ wọn tàbí fọ́ọ̀mù ni a kún. Ọmọ ni kò ní rí tirẹ̀ gbà padà.

1. Dátà kíkó.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé ọjọ́ tí sákúlà náà dé, ìdá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nínú ìṣirò. Mo ti gé ọsàn sí mẹ́rin lórí tábìlì iwájú, a sì ti dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ẹ́ rí i fúnra wọn pé ìdá méjì nínú mẹ́rin àti ìdajì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọmọkùnrin kan tí kì í sábàá dáhùn ìbéèrè nawọ́ sókè. Ìgbà yẹn gan-an ni hẹ́dìmásítà wa yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Wọ́n ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ mọ iye ọmọ tí a ti kó sórí ojú òpó ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan kó tó di aago méjìlá, àti pé ilé-ìwé tí kò bá fèsì, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ síta lórí WhatsApp. N kò bínú sí hẹ́dìmásítà. Bí wọ́n ṣe ń lé wọn ni wọ́n ṣe ń lé wa.

Mo ní kí àwọn ọmọ ṣí ìwé kíkà wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan síbi ògiri. Ọmọ yìí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. NIN tí tọ̀hún mú wá, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Dígíìtì mọ́kànlá ló yẹ kó wà nínú NIN. Mẹ́wàá ni ìyá ẹlòmíràn kọ sórí bébà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ó padà dé, ojú òpó náà sì ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè. Owó ara mi ni mo fi ra dátà tí mo fi ń ṣe é. Nígbà tí agogo ìsinmi lù, ìdá ṣì wà lórí pátákó bí mo ṣe fi í sílẹ̀, títí di òní n kò sì mọ ohun tí ọmọkùnrin yẹn fẹ́ sọ.

Ọ̀gá wa, púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń béèrè yìí ló ti wà lọ́wọ́ ìjọba. Lọ́dọọdún ni a ń kún fọ́ọ̀mù ètò ìkànìyàn ilé-ìwé: iye ọmọ, ọjọ́ orí wọn, iye olùkọ́, iye yàrá ìkàwé, títí dórí iye ilé ìgbọ̀nsẹ̀. UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018, wọ́n tún ṣe é ní 2022. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ń gba iye ọmọ lọ́wọ́ wa. Níbo ni gbogbo ìwé yìí ń wọ̀ sí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo ní gbogbo ìgbà? Ní ti NIN, àjọ NIMC ni òfin fi iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́ láti 2007. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ọmọ ní NIN, ẹ pè wọ́n kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn wá sí ilé-ìwé ní ọjọ́ tí òbí lè wá, kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣe é.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó ń bà mí lẹ́rù. Fọ́tò ọmọdé, àdírẹ́sì ilé wọn àti nọ́ńbà òbí wọn ti wà nínú fóònù àdáni ẹgbàágbèje olùkọ́ báyìí. Fóònù tó lè sọnù sínú mọ́tò, tí ọmọ ilé olùkọ́ lè mú ṣeré, tí alátùn-únṣe lè ṣí. Òfin ìdáàbòbo dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023 sọ pé, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ọ̀ràn tí ó yọ sọ́tọ̀, kí a gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí a tó gba irú nǹkan báyìí lórí ọmọdé. Sákúlà yín kò sọ ọ̀rọ̀ àṣẹ òbí rárá. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni òbí yóò mú? Tíṣà tó ya fọ́tò ni.

2. Àkọsílẹ̀ tó ń bí àkọsílẹ̀.

Kí n má ṣe bí ẹni tó kórìíra ìwé kíkọ. Rẹ́jísítà, iṣẹ́ wa ni. A ń ṣí i láàárọ̀, a ń sàmì sí i lọ́sàn-án, a ń ti í ní ọjọ́ Ẹtì: a ó ro iye ọmọ tó wá lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀, a ó wá iye tí ń wá lójúmọ́, a ó kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ilé ẹjọ́ lè pe rẹ́jísítà bí ẹ̀rí, ìdí nìyẹn tí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ kì í fi í ṣeré. Lẹ́sìn nóòtù, iṣẹ́ wa ni. Máàkì ìdánwò àti àkọsílẹ̀ bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe láti sáà dé sáà, iṣẹ́ wa ni, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wa.

Ohun tó ń dùn wá ni pé nọ́ńbà kan náà tó wà nínú rẹ́jísítà, a ó tún kọ ọ́ sórí káàdì gbọọrọ tó wà lára ògiri kíláàsì, a ó kọ ọ́ fún hẹ́dìmásítà kí wọ́n fi sórí pátákó ọ́fíìsì, a ó kọ ọ́ fún alábòójútó oúnjẹ, a ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, a ó tún kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí alábẹ̀wò bá gbé wá nítorí pé fọ́ọ̀mù tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ọ́fíìsì yín ló ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, kò sì sí èyí tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka kejì bóyá ó ti gba ohun tó ń wá. Lẹ́sìn nóòtù ńkọ́? Ọwọ́ la fi ń kọ ọ́ láti orí dé ìsàlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí kan ohun tí a ti kọ lọ́dún tó kọjá fún kíláàsì kan náà lórí iṣẹ́ kan náà, nítorí pé ohun tí alábẹ̀wò ń wò ni bóyá ìwé náà kún. N kò tíì rí alábẹ̀wò tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi láti wo bí mo ṣe ń kọ́ni dópin. Ìwé ni wọ́n ń bójú tó, wọn a sì máa lọ.

Ẹ tún rò ti àwọn àgbà inú wa. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2022 sún ọdún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ẹni ọdún 65, ohun rere ni, nítorí ìmọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Ìyá kan wà ní ilé-ìwé wa tó jẹ́ pé bí ọmọ bá ti ọwọ́ wọn jáde ní kíláàsì kìíní, ó ti mọ ìwé kà nìyẹn. Fóònù olójú ńlá ni wọn kò mọ̀ ọ́n lò. Nígbà tí sákúlà yín dé, àpò ara wọn ni wọ́n ti mú owó fún ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kó bá wọn ṣe é, wọ́n sì ń wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé pé kó ṣe é kíá nítorí kúèrì. Ẹni tó ti fi iṣẹ́ tíṣà dàgbà ni ẹ sọ di ẹni tó ń bẹ ọmọdé nítorí ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì.

3. Owó gbígbà.

Owó PTA, owó ìdánwò, owó aṣọ eré ìdárayá, owó bébà, olùkọ́ kíláàsì ló ń gbà á. A ó máa ka náírà wẹ́wẹ́ láàárọ̀, a ó máa kọ orúkọ, a ó máa wá ṣéńjì. Ìjọba ń kéde lórí rédíò pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́, ìyá ọmọ gbọ́ ọ, ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì pé mo fẹ́ jẹ owó òun. Kí ni kí n dá a lóhùn lójú ọmọ rẹ̀? Èyí tó burú jù ni pé ọmọ tí kò rí owó mú wá kì í wá ní ọjọ́ kejì. Ojú ń tì í láti rí mi, torí pé èmi tó ń kọ́ ọ náà ni mo ń sin ín ní gbèsè. Báǹkì wà, àwọn tó ń ṣe POS wà ní gbogbo ìkóríta. Bí owó kan bá wà tó tọ́ lábẹ́ òfin kí òbí san, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ òbí, kí owó má gba ọwọ́ tíṣà kọjá mọ́ rárá.

4. Koríko, géètì àti ìmọ́tótó.

Nígbà tí òjò bá dé ní sáà kẹta, koríko á ga tó ọmọ kíláàsì kìíní. Kò sí lébírà. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ fẹ̀yìn tì, ẹ kò gba ẹlòmíràn. Nítorí náà àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà ni wọ́n ń mú àdá wá láti ilé, olùkọ́ yóò dúró tì wọ́n lórí papa kí wọ́n má baà fi àdá ṣe ara wọn léṣe, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, àkókò tí ọpọlọ ọmọ jí jù lọ. A ti pa ejò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà yóò sọ pé àwọn náà roko ní ilé-ìwé nígbà tiwọn. Wọ́n roko lóòótọ́, lẹ́yìn ẹ̀kọ́, fún ìwọ̀nba àkókò, lórí papa tí lébírà ti kọ́kọ́ fọwọ́ bà.

Ti géètì lágbára ju ti koríko lọ. Kò sí ọlọ́dẹ. Olùkọ́ la ń fi sí géètì ní ìpín-ìpín, tí olùkọ́ bá sì wà ní géètì, kíláàsì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹni tó wà ní kíláàsì kejì nìyẹn, ẹnì kan á máa fi etí kan gbọ́ ariwo kíláàsì méjì. Ní oṣù Kìíní 2024 ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé pẹ̀lú olùkọ́ àti awakọ̀ wọn nínú bọ́ọ̀sì ní Emure-Ekiti. Látìgbà náà, òbí tó bá rí àlejò létí ògiri ilé-ìwé máa ń sá wá mú ọmọ rẹ̀. Ó yé wa. Àmọ́ kí ni obìnrin olùkọ́ tó di ṣọ́ọ̀kì mú lè ṣe sí ẹni tó gbé ìbọn? Ààbò kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń pín fún olùkọ́ bí ẹni pín iṣẹ́ gbígbá ilẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí a gbà sí i, tí a kọ́, tí a sì ń san owó fún ni.

5. Oògùn, abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ.

Níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Oògùn aràn àti oògùn àìsàn títọ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pín ní ilé-ìwé ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ là ní àwọn abúlé tó wà létí odò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní oṣù Kẹwàá 2023, kí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ má baà mú wọn lọ́jọ́ iwájú, ohun tí mo fi ẹnu ara mi bá àwọn ìyá sọ ni, mo sì tún máa sọ ọ́. Oúnjẹ ọ̀sán tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 fún kíláàsì kìíní sí ìkẹta mú kí ọmọ tí kì í wá máa wá.

Ohun tí mo ń sọ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Olùkọ́ ni wọ́n ń pè lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oògùn, kò sí ẹni tí yóò dúró sí kíláàsì rẹ̀. Òun ni yóò padà wá to àwọn ọmọ sídìí igi gígùn tí wọ́n sàmì sí, tí a fi ń wọn gíga ọmọ kí a tó mọ iye hóró tí yóò lò. Òun ni yóò pọn omi, òun ni yóò wò bóyá ọmọ ti jẹun kó tó gbé e mì, òun ni yóò jókòó ti èyí tó bá bì, òun náà ni yóò kún fọ́ọ̀mù. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wà ní ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀. Kí wọ́n wá ṣe é, kí olùkọ́ dúró tì wọ́n nítorí pé ọmọ mọ̀ ọ́n, kí ó sì parí ní àárọ̀ kan.

6. Àlejò pàtàkì.

Tí ẹni ńlá kan bá ń bọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, ilé-ìwé ló ń dá dúró. A ó kó ọmọ sójú títì nínú oòrùn, asíá lọ́wọ́, láti aago mẹ́jọ. Àlejò á dé ní aago kan, á ju ọwọ́ láti inú mọ́tò. Ẹ fòfin dè é. Kò gba owó kankan láti fòfin dè é.

Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ká ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹyọ kan, ìṣẹ́jú 35, la ń pàdánù lójúmọ́. Ní sáà tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 60 nìyẹn, wákàtí 35 gbáko. Bí ọjọ́ ilé-ìwé kan bá jẹ́ wákàtí márùn-ún ẹ̀kọ́, ọjọ́ méje ni ọmọ ti pàdánù ní sáà kan, ọjọ́ mọ́kànlélógún lọ́dún. Tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kìíní tó sì parí kẹfà, ó ti lé ní ọgọ́fà ọjọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo lójúmọ́ ni mo ṣírò o, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè wa ní kí ọmọ má ju 35 lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì wa ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Olùkọ́ tí ọmọ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ tún ń gba àkókò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ yóò sọ fún yín pé bó ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹwàá 1966, ní Paris, UNESCO àti ILO, àjọ àgbáyé fún ètò ẹ̀kọ́ àti fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, gba ìwé àbá kan wọlé lórí ipò olùkọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé yẹn gan-an la fi ń ṣe Ọjọ́ Olùkọ́ káríayé láti 1994, ọjọ́ tí ẹ̀yin náà máa ń wá bá wa sọ̀rọ̀ ní pápá ìṣeré. Ó wà nínú ìwé yẹn pé ògbóǹtarìgì tó níye lórí ni olùkọ́, kí wọ́n ṣètò iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì ràn án lọ́wọ́ lọ́nà tí àkókò àti agbára rẹ̀ kò fi ní ṣòfò. Ìwé tí a fi ń ṣe àjọ̀dún yín la ń tọ́ka sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwa tíṣà jókòó hùmọ̀.

Ní Íńdíà, tí èrò pọ̀ jù wá lọ dáadáa, òfin ẹ̀tọ́ ọmọ sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní 2009 sọ ọ́ kedere ní abala 27 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán olùkọ́ ní iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ẹ̀kọ́, àyàfi ìkànìyàn ọlọ́dún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìdìbò, àti ìrànlọ́wọ́ nígbà àjálù. Mẹ́ta péré. Àwọn ìjọba kan níbẹ̀ ṣì ń rú u, ṣùgbọ́n olùkọ́ ní ohun tó lè fà yọ nílé ẹjọ́. Kí ni tiwa?

Ní England, oṣù Kìíní 2003 ni ìjọba àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olùkọ́ fọwọ́ sí àdéhùn kan. Wọ́n to iṣẹ́ tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ máa ṣe déédéé lẹ́sẹẹsẹ: owó gbígbà lọ́wọ́ ọmọ wà níbẹ̀, ṣíṣe ẹ̀dà ìwé rẹpẹtẹ wà níbẹ̀, wíwá ọmọ tí kò wá sí ilé-ìwé wà níbẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án 2005, ó kéré tán ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àkókò ìkọ́ni olùkọ́ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un láti fi múra sílẹ̀ àti láti fi máàkì iṣẹ́ ọmọ. Wọn kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìráhùn níbẹ̀, mo mọ̀. Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé láti oṣù Kejì 2023 ni England ti ṣílẹ̀kùn fún olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà láti béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́ni wọn. Àwọn tó ń lọ ni àwọn tó mọ iṣẹ́. Olùkọ́ ìṣirò kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ti wà níbẹ̀ báyìí. Mo bi í léèrè ohun tó yàtọ̀ jù lọ, mo rò pé owó ni yóò sọ. Ó ní òun kì í gba owó lọ́wọ́ ọmọ mọ́, òun kì í sì kọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo ti mọ ìdáhùn tí ẹ máa kọ́kọ́ fún wa: kò sí owó láti gba akọ̀wé àti ọlọ́dẹ. Ẹ jọ̀ọ́, owó ń lọ nísinsìnyí náà. Owó oṣù olùkọ́ tó dúró sí géètì, owó oṣù olùkọ́ ni, ju ti ọlọ́dẹ lọ. Ẹni tó gba NCE tàbí dìgírì lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà ni ẹ ń san owó fún láti máa ka náírà àti láti máa ya fọ́tò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní OND, tó mọ kọ̀ǹpútà lò, kún ìgboro, iṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Bí kò bá ṣeé ṣe kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní akọ̀wé tirẹ̀, kí ilé-ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà ní àdúgbò kan ní ẹyọ kan, kí ó máa yí wọn po.

Ìdáhùn kejì, tí wọn kì í sọ síta, ni pé ọ̀lẹ ni àwọn tíṣà. A rí ọ̀lẹ láàrin wa, bí a ṣe ń rí i nínú gbogbo iṣẹ́. Ọ̀lẹ ni gbogbo iṣẹ́ àfikún yìí ń ṣe lóore. Ó rí ohun sápamọ́ sí lẹ́yìn, torí pé bí ẹ bá bi í pé kí ló dé tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀wé, á ní dátà ni òun ń kó, ẹ kò sì ní lè jiyàn. Ẹ gba àwáwí náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá fi ohun tí àwọn ọmọ mọ̀ wọn iṣẹ́ gbogbo wa.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí, mo sì to èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ síwájú.

7. Kí ẹ fa sákúlà dátà náà sẹ́yìn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ẹ sì kéde pé kúèrì kankan kò ní tẹ̀lé e. Kí ẹ pàṣẹ pé kí a pa fọ́tò àwọn ọmọ tó ti wà nínú fóònù olùkọ́ rẹ́, kí ẹ sì sọ fún àwọn òbí ibi tí èyí tó ti gòkè wà àti ẹni tó ń rí i.

8. Kí ó di òfin ní ọ́fíìsì yín pé kò sí ìbéèrè tí yóò wọ ilé-ìwé láàrin aago mẹ́jọ àárọ̀ sí ìgbà tí ilé-ìwé bá jáde, yálà lórí bébà tàbí lórí WhatsApp, àyàfi ọ̀rọ̀ tó bá kan ẹ̀mí ènìyàn. Ìbéèrè tó bá sì wá, kí a fún un ní ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán.

9. Kí gbogbo ẹ̀ka jọ jókòó, kí wọ́n ṣe fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo fún sáà kan. Ẹ̀ka tó bá nílò nǹkan lẹ́yìn ìyẹn, kí ó lọ wò ó níbẹ̀.

10. Kí olùkọ́ yọwọ́ nínú owó gbígbà láti sáà tó ń bọ̀.

11. Kí ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ ní ìlà tirẹ̀ fún akọ̀wé, ọlọ́dẹ àti lébírà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí a lè rí i kà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà sí ìgboro. Àwọn ilé-ìwé abúlé ni olùkọ́ kò tó, àwọn ni iṣẹ́ àfikún ń pa jù. Mo mọ ilé-ìwé kan níbi tí olùkọ́ méjì ti ń kọ́ kíláàsì mẹ́fà. Bí ọ̀kan bá lọ sí ìpàdé ní ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

12. Kí ẹ kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí a kò gbọdọ̀ rán olùkọ́ ní àkókò ẹ̀kọ́, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì hẹ́dìmásítà kọ̀ọ̀kan níbi tí òbí ti lè rí i. Ẹ pe NUT, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́, àti ẹgbẹ́ òbí jókòó kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ pe olùkọ́ tó wà nínú kíláàsì pẹ̀lú, kì í ṣe àwọn aṣojú wa tó ti kúrò nídìí pátákó láti ọjọ́ pípẹ́ nìkan.

Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ lọ bi ọmọ yín lálẹ́ òní: kí ni tíṣà rẹ ṣe láàárọ̀ òní? Tí ó bá ní tíṣà ń ya fọ́tò, tàbí ó ń gba owó, tàbí ó wà ní géètì, ẹ má bá tíṣà jà. Ẹ mú ìdáhùn náà wá sí ìpàdé PTA, kí ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, kí ó lè dé ọ̀dọ̀ Alága.

Ọ̀gá wa, a ń retí ìdáhùn yín lórí ìbéèrè keje àti ìkẹjọ kí sáà yìí tó parí. Èyí tó nílò owó, a ó wò ó nínú ètò ìnáwó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kíláàsì kẹrin,
Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba.